Àjẹ́ Ké Lánàá, Inú Run Mí Lónìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe Yorùbá, kò sí ọdún kan tí òwe yìí kì í yọjú nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó dùn-ún gbọ́, ó sì jọ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè takò. Èmi pàápàá fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mo bá ti kọ ọ́ sí ojú pátákó tán, n ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé òwe yìí gba ọdún 15 lọ́wọ́ mi, ó sì gba oúnjẹ ìyá kan lẹ́nu mi. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ìtàn inú rírun ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìlú Ìsẹ́yìn ni a bí mi sí, ní agbo ilé àwọn tí ń hun aṣọ òfì. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́, ìyá mi sì ni ìyàwó kékeré. Ìyàálé rẹ̀, ẹni tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá gáréèjì, níbi tí ó ti ń ta tíì àti búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀. Ìjà kò sí láàárín òun àti ìyá mi. Wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń bá ara wọn pọn ọmọ, bí ọ̀kan bá sì lọ sí ọjà, èkejì a máa bá a ṣọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dàgbà ní ilé olórogún mọ̀ pé ilé lè wà láìsí ìjà kí ó má sì sí ìfọ̀kànbalẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi kì í fi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí iná láìfi ọmọ kan tì í.

Ní 1988 ni mo wọ yunifásítì, èmi ni mo sì kọ́kọ́ dé irú ibẹ̀ nínú ilé wa. Àwọn tí ó gbé ayé ìgbà náà yóò rántí ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí agolo mílíìkì fi di ohun tí a ń fi ṣe àlejò pàtàkì. Ní ilé-ẹ̀kọ́, gàrí àti ẹ̀wà ni oúnjẹ wa; bí a bá po tíì, ṣúgà nìkan ni a ń fi sí i. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ti dé ilé fún ìsinmi, Ìyá Àgbà yóò ránṣẹ́ pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀. Yóò gbé kọ́ọ̀pù ńlá kan kalẹ̀, yóò lu agolo mílíìkì kan ní ihò méjì, yóò sì da gbogbo rẹ̀ sínú tíì mi láìṣẹ́ ku ẹ̀kán kan, lójú àwọn awakọ̀ tí òun ń fi ṣíbí wọn mílíìkì fún.

“Àkànmú, ọmọ yunifásítì mi,” ni yóò wí, “mu ún gbẹ, kí ọpọlọ rẹ lè jí pépé.”

Kì í tó wákàtí méjì tí inú mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Yóò wú bí ìlù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi awọ bò, afẹ́fẹ́ yóò máa rìn káàkiri nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò di ìgbẹ́ gbuuru. Mélòó ni mo fẹ́ kà nínú òru tí mo fi sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́! Bí mo bá padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ara mi a yá gágá. Bí mo bá tún dé ilé, tí mo sì mu tíì Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ tún di ti àtijọ́.

Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ìsinmi Kérésìmesì 1990, nígbà tí ó ń gbé àgbo gbígbóná fún mi, ó bi mí ní ìbéèrè méjì péré. Ọwọ́ ta ni mo ti ń jẹun ní ilé-ẹ̀kọ́ tí inú kì í run mí? Ọwọ́ ta ni mo ti ń jẹun ní ilé tí inú fi ń run mí? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní, “Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, pa ẹnu rẹ mọ́ lára oúnjẹ òde.” Èmi tí mò ń kàwé ní yunifásítì kò sì rí àbùkù kankan nínú àlàyé yìí. Ẹ wò ó dáadáa, ó jọ ọ̀nà ìwádìí tí wọ́n ń kọ́ wa gan-an: ibì kan wà tí àìsàn náà kì í ti í ṣe mí, ibì kan wà tí ó ti ń ṣe mí, ẹnì kan ṣoṣo sì ni ó mú ibi méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn. A kò wo agolo tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀gá nínú irọ́ oúnjẹ. Bí Ìyá Àgbà bá pè mí, n ó ní mo ti yó, tàbí pé mò ń gbààwẹ̀, tàbí pé eyín ń dùn mí. Nígbà tí irọ́ tán, mo gba kọ́ọ̀pù tíì kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kan, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, mo sì dà á sínú gọ́tà. Bí mo ti yíjú padà ni mo rí Ìyá Àgbà tí ó mú búrẹ́dì dání, èyí tí ó fẹ́ fi kún un fún mi. Kò sọ ohunkóhun. Ó gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ mi, ó fi omi ṣàn án, ó sì padà sí ìdí ọjà rẹ̀. Kò tún pè mí wá mu tíì mọ́ láti ìgbà náà.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, mo di olùkọ́. Bàbá mi kú, ìyá mi sì tẹ̀ lé e ní 2002. Lára ọ̀rọ̀ tí ìyá mi bá mi sọ kẹ́yìn ni pé kí n má gbàgbé ìkìlọ̀ òun lórí oúnjẹ. N kò gbàgbé. Bí mo bá lọ sí Ìsẹ́yìn, owó ni mo ń fún Ìyá Àgbà; n kì í mu omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2004, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà pè mí kí n wá fi ọdún kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní èdè Yorùbá. Mo dé ibẹ̀ nígbà tí òtútù ń bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, ní ilé oúnjẹ wọn, èmi náà a ṣe bí wọ́n ti ń ṣe: n ó da wàrà tútù lé orí àgbàdo gbígbẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jẹ, n ó sì tún mu kọ́ọ̀pù kan lé e. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí inú kíkùn àtijọ́ náà fi dé, tòun ti ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, “Ṣé ọwọ́ ìyá yìí wá gùn tó báyìí?” Èmi ọ̀mọ̀wé ni mo ro irú èrò bẹ́ẹ̀, lórí ibùsùn, ní òdìkejì òkun.

Dókítà tí mo lọ bá bi mí ní ohun tí mo ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ibi tí àwọn baba ńlá mi ti wá. Ó ní kí n má fẹnu kan wàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Inú mi dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá ní kí n wá láìjẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fún mi ní omi kan tí ó dùn díẹ̀ mu, ó sì ní kí n máa fẹ́ èémí sínú àpò kan léraléra fún bíi wákàtí mẹ́ta. Inú èémí mi ni ó ti rí ohun tí ó ń wá. Ìtumọ̀ tí ó ṣe fún mi nìyí, bí mo ti lè sọ ọ́ ní èdè wa.

Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní láktóòsì. Ó wà nínú wàrà màlúù, ó sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi ọmú ìyá. Ìfun kékeré kò lè gba ṣúgà yìí sínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti wà. Ó ní láti kọ́kọ́ gé e sí méjì. Ohun tí ìfun fi ń gé e ni wọ́n ń pè ní láktéèsì. Kí á pè é ní ọ̀bẹ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tuntun tí kì í mú ọ̀bẹ yìí wá sáyé, nítorí omi ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀bẹ náà ń kú, títí tí kò fi ní lè gé nǹkan púpọ̀ mọ́. Ṣúgà tí a kò gé yóò wá ṣàn lọ sí ìfun ńlá. Yóò máa fa omi mọ́ra, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ yóò sì máa jẹ ẹ́. Bí wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jáde. Omi yẹn ni ó ń di ìgbẹ́ gbuuru. Afẹ́fẹ́ yẹn ni ó ń di inú wíwú àti inú kíkùn. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà a máa bá ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè bá a nínú èémí. Kì í ba ìfun jẹ́, kì í sì í pa ènìyàn; ó kàn ń ni ènìyàn lára ni.

Mo bi í pé kí ni ti wàrà tí mo ń jẹ láti kékeré. Ní Ìsẹ́yìn, kò sí ọjọ́ ọjà tí àwọn obìnrin Fúlàní kì í gbé igbá wàrà wá, a ó sì dín in, a ó fi jẹ ẹ̀kọ. Inú kò run mí rí lórí rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni kò fi wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ohun tí ń jáde lára màlúù lè jẹ́ ọ̀tá mi. Àlàyé rẹ̀ rọrùn. Nígbà tí àwọn Fúlàní bá fi omi ewé bomubomu mú wàrà dì, omi tí wọ́n ń sẹ́ kúrò lára rẹ̀ ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà lọ. Bí wàrà bá sì kan, àwọn kòkòrò tí ó mú un kan ti jẹ nínú ṣúgà náà kí ó tó dé ẹnu wa. Mílíìkì alágolo kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni wọ́n fà kúrò lára rẹ̀, gbogbo ṣúgà rẹ̀ ni ó kù sínú agolo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọ̀bẹ wọn ti kú ni ó lè mu nǹkan bíi gíráàmù 12 ṣúgà yìí lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà púpọ̀, èyíinì ni ìwọ̀n tí ó wà nínú kọ́ọ̀pù wàrà kan. Odidi agolo kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíbí kan péré ni àwọn awakọ̀ ń rí nínú tíì wọn, ìdí sì nìyẹn tí inú kò fi run wọ́n. Àpọ́njù tí Ìyá Àgbà pọ́n mi lé ni ó ń lé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo wọ ilé-ìkàwé wọn lọ láti ka sí i, orúkọ tí mo bá níbẹ̀ sì yà mí lẹ́nu. Ní 1971, Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà àti Ọlíkóyè Ransome-Kuti láti Èkó pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà ni wọ́n yẹ̀ wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Yorùbá kankan tí ó ti kúrò ní ọmọdé nínú wọn tí ara rẹ̀ gba ṣúgà wàrà. Ṣùgbọ́n àwọn Fúlàní darandaran, tí wàrà ti jẹ́ oúnjẹ ìran wọn, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ara wọn gbà á. Ransome-Kuti yìí kan náà ni ó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992. Ní àwọn ọdún tí mo ń fi àtùpà sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ìyá ní bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọkùnrin tí ó mọ ohun tí ń ṣe inú mi wà nínú rédíò wa, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀, a sì ń ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀ nítorí Ìyá Àgbà.

Ohun tí ó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá nìkan: nínú àwọn àgbàlagbà tí ó wà láyé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ọ̀bẹ yìí ti kú nínú wọn. Bí ó bá sì jẹ́ ti ìmọ̀ ni, ṣebí àwa ni a ni èèwọ̀? Ọlọ́ya mọ̀ pé òun kì í jẹ àgbò. Ọlọ́bàtálá mọ̀ pé òun kì í mu ẹmu. Ẹnikẹ́ni kì í bi ọlọ́ya pé ta ni ó fi nǹkan sínú ẹran àgbò. Àwọn baba wa gbà tipẹ́tipẹ́ pé oúnjẹ lè dára kí ó má sì bá ẹnì kan lára mu, kí olóúnjẹ má sì jẹ̀bi. A tilẹ̀ ní gbólóhùn fún un: “ara mi kọ̀ ọ́.” Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ àjèjì dé nínú agolo, a kò ronú pé ó lè ní èèwọ̀ tirẹ̀.

Àwa olùkọ́ èdè sì ní ẹ̀bi kan tí ó ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú èdè wa, inú ni oúnjẹ ń lọ, inú náà ni èrò ń gbé. A ní inú rere, a ní inú burúkú. Inú a máa dùn, inú a máa bí ni, inú a sì máa run ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nítorí náà, nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí, inú ẹlòmíràn ni mo lọ ń wádìí.

Mo padà sí Ìsẹ́yìn ní oṣù Kẹjọ 2005. Ìyá Àgbà ti dáwọ́ ọjà dúró. Ó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì ní, “Ebi ń pa mí, Mà. Ẹ fún mi ní oúnjẹ.”

Ó wò mí títí. “Oúnjẹ ta ni?”

“Oúnjẹ yín, Mà.”

Ó dìde, ó ro àmàlà, ó bu ewédú sí i. Kí ó tó sún àwo náà síwájú mi, ó bu òkèlè kan, ó sì jẹ ẹ́ lójú mi. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tí ó pamọ́ fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àmàlà náà kò fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo ro ẹjọ́ mi: tíì, agolo, ọ̀bẹ inú ìfun, gọ́tà. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ mílíìkì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

“Àkànmú, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún tà á, n kì í fẹnu kàn án! Bí mo bá tọ́ ọ wò, mọ́jú ni inú mi fi ń kùn. Mo rò pé ara ẹ̀yin tí ẹ kàwé gbà á ni.” Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. “Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ kí ó tó lọ?”

Mo ní kò mọ̀.

Ó dákẹ́ pẹ́. “À bá ti bá ara wa sọ ọ́,” ni ó wí. “Inú tèmi náà ń kùn, ojú ni ó ń tì mí.”

Ọdún mẹ́jọ ni mo tún fi jẹ oúnjẹ rẹ̀ kí ó tó re ibi àgbà ń rè ní 2013.

N kò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sọ gbogbo oúnjẹ di èèwọ̀. Ọmọ tí kò mu wàrà ní láti rí ohun tí yóò mú egungun rẹ̀ le, irú bí ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun àti ẹ̀fọ́. Àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn le ju tèmi lọ. Àlìkámà ni ara àwọn kan kọ̀, tí ó sì ń ba ìfun wọn jẹ́ ní ti gidi. Àwọn kan lè fẹnu kan ẹ̀pà tàbí edé kí ètè wọn wú, kí ara wọn lé, kí èémí wọn sì há. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de àgbo, ilé-ìwòsàn ni kí á sáré gbé e lọ. Inú rírun tí ó bá sì mú ẹ̀jẹ̀ tàbí rírù dání, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ kí á gbé e lọ. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé kí á kọ́kọ́ wo inú àwo kí á tó wo ojú ẹni tí ó gbé e wá.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe náà. Bí mo bá ti kọ ọ́ sójú pátákó, tí wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ tán, n ó bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: kí ni ọmọ náà jẹ lálẹ́ àná?